Ojú Kan Ṣoṣo Tó Kù fún Lesieli

Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi po oògùn náà. Mo ti fà á sínú síríńjì, mo ti rí iṣan, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ku kí n tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, bí mo bá rántí, ara mi a bù máṣọ.

Tokilupe ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí òkun ní erékùṣù wa, ní Ha'apai. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀ nígbà náà, èmi àti Penisimani tó jẹ́ ọ̀gá mi. Penisimani kì í ṣe dókítà gan-an, ṣùgbọ́n ó kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, òun náà la sì ní. Nuku'alofa, olú ìlú wa, ni dókítà gidi wà, orí fóònù la ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Penisimani. Kì í wá síbi iṣẹ́ láìwé ta'ovala rẹ̀, ẹní ìbàdí kan báyìí tó ti gbó, tó sì ń fi ṣe fáàrí bí ẹni pé àná ni wọ́n hun ún. Èmi ni aláriwo. Àwọn ará ìlú máa ń sọ pé bí Tokilupe bá ń kí aláìsàn káàárọ̀, àwọn tó ń pẹja lójú agbami á dáhùn. Mi ò lè ní irọ́ ni wọ́n pa.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ Lesieli, ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti oògùn yẹn ṣe pàdé. Bí ẹ ò bá mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ẹ ò ní mọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún méjì ṣáájú, wọ́n gbé Bàbá Sosaia wá, ẹni tó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n kuku. Ó ń bì, ó ń lọgun, ó ní ká bá òun yọ ojú náà dànù kí òun lè sinmi. Penisimani ní kí n fi ìka tẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Yéè! Ojú èèyàn máa ń rọ̀ díẹ̀ bí tòmátì tó pọ́n. Tiẹ̀ le gbagidi bí òkúta. Penisimani ṣàlàyé fún mi pé omi kan wà tó ń sun nínú ojú tọ̀sán tòru, ó sì ní ojúṣàn kékeré tó ń gbà jáde. Ojúṣàn ti Bàbá Sosaia ló dí lójijì. Omi ń sun, kò rọ́nà jáde, ó wá ń fún iṣan tí bàbá fi ń ríran pa. Bí wákàtí ṣe ń lọ ni ìmọ́lẹ̀ ojú náà ń kú lọ.

Ló bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ju ohun tí èèyàn lè fi ìka mẹ́ta bù lọ. Asẹtasólámáìdì ni wọ́n ń pè é, orúkọ tó gùn ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ. Ó fi omi abẹ́rẹ́ pò ó, ó wá ń fà á sí bàbá lára díẹ̀díẹ̀ láti iṣan apá. "Iṣan ni o, Nọ́ọ̀sì," ó ní. "O ò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni ní èyí sídìí. Á ta onítọ̀hún bí ata."

Mo ń wò ó. Ojú ló ń dun bàbá, apá la gún. Mo ní sí ara mi pé eré kí ni ọ̀gá mi ń ṣe yìí? Kò pẹ́ kò jìnnà, Bàbá Sosaia dákẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Mo tún tẹ ojú náà, ó ti ń rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì torí mi ò gba ìka ara mi gbọ́. Ẹ gbọ́ ná, ìyẹ̀fun bíńtín yẹn rin gbogbo ara kọjá, ó kọjá ọkàn, ó kọjá ọrùn, ó dé ibi tí ojú ti ń pọn omi rẹ̀, ó ní kó sinmi díẹ̀. Ta ló júwe ọ̀nà fún un? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fojú ara mi rí iṣẹ́ ìyanu.

Bàbá tọ̀, ó tọ̀, ó tún tọ̀. Ó ní ìka òun ń ṣe wínníwínní. Lọ́jọ́ kejì ó ra mínírà, ó ní kò ta òun lẹ́nu, ló bá lọ ń bá ìyá onísọ́ọ̀bù jà pé mínírà tó ti kú ló tà fún òun. Penisimani ló lọ là wọ́n. Ó ní oògùn náà ló ń jẹ́ kí mínírà dà bí omi lásán lẹ́nu. Ìyá onísọ́ọ̀bù ní kí oògùn wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wà fún o," ni Penisimani sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ka àwọn tí kò yẹ fún: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹni tí iyọ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, àti ẹni tí oògùn sọ́lífà ti bá jà rí, torí ìbátan ni òun àti sọ́lífà. "Béèrè kó o tó fún wọn. Nígbà gbogbo ni kó o máa béèrè." Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Láti ọjọ́ náà, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan láìbéèrè. Ìbéèrè náà ló sì fẹ́ ṣe mí léṣe.

Lesieli ni ẹ̀gbọ́n Penisimani, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ arákùnrin àti arábìnrin ṣe rí nílẹ̀ wa. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n bá ti hù, wọn kì í jókòó pẹ́ sínú yàrá kan náà. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ara létí ara wọn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá gbé ohun tí kò bójú mu jáde, ọ̀kan á dìde. Arábìnrin ló ga, ọkùnrin ló ń yẹra. Bí wọ́n ṣe tọ́ Penisimani nìyẹn, kò sì yẹ̀ rí.

Ojú òsì Lesieli ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Àìsàn kan náà ni. Erékùṣù míì ló wà nígbà náà, wọ́n ní orí fífọ́ ni, wọ́n ń fi ewé pa á lórí títí ojú fi lọ. Ojú ọ̀tún nìkan ló kù. Ojú kan ṣoṣo yìí ló fi ń ya àwòrán sára ngatu, aṣọ tí a fi èèpo igi ṣe. Gbogbo obìnrin ló lè lu èèpo igi náà kó di aṣọ, gbogbo wa la lè fi oje kùn ún, ṣùgbọ́n ìlà dúdú tó kẹ́yìn, àwọn òdòdó rẹ̀ àti ẹyẹ rẹ̀, Lesieli la máa ń fi í sílẹ̀ fún. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ngatu ìgbéyàwó Fusi, ọmọ Penisimani, ló wà nílẹ̀.

Òjò ń rọ̀, wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé ilé ngatu pa, inú ilé ṣú. Ọ̀fìnkìn ń yọ Lesieli lẹ́nu, ó ti ń lo oògùn ọ̀fìnkìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ní, "Ó ti wo bí iṣẹ́ tó kù ṣe pọ̀ tó, ló bá rí èébì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lesieli ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, òun ń rí òṣùmàrè yí iná ká láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bí Fusi ṣe gbọ́ òṣùmàrè báyìí, tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ojú òsì ṣe bẹ̀rẹ̀, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fa ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù ẹnì kan, ó di ọ̀dọ̀ wa.

"Nọ́ọ̀sì o! Nọ́ọ̀sì Toki! Àǹtí mi ò ríran mọ́!"

A tẹ́ Lesieli sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní "tulou", ìyẹn ẹ má bínú, torí orí àgbà kì í ṣe ohun téèyàn ń dédé fọwọ́ kàn, mo wá tẹ ojú náà. Òkúta! Mo na ìka mi síwájú rẹ̀. "Màmá, ìka mélòó nìyí?"

"Ṣé o ti gbé ọwọ́ sókè ni?" ó ní.

Mo ké sí Penisimani.

Ó dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó dojú kọ ilẹ̀. Iṣẹ́ ní kó wọlé, àbíkọ́ ní kó má wọlé, ó wá dúró sáàárín méjèèjì. "Nọ́ọ̀sì," ó ní, "bá mi bi wọ́n léèrè, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Sọ fún un pé ìrọ̀lẹ́ àná," ni Lesieli wí.

"Ìrọ̀lẹ́ àná," ni mo wí. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ tó wà láàárín wọn. Èmi ni mo wá di ògbufọ̀ fún èèyàn méjì tó ń sọ èdè kan náà.

A kán oògùn ojú tí a ní sí i, òkúta ò mira. Penisimani na ìgò ìyẹ̀fun funfun náà sí mi. Òun nìkan ló kù, ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé òmíràn wá ò tíì dé. Ó wá ń ka ìbéèrè láti ara ògiri, èmi ń sọ ọ́ fún Lesieli, Lesieli ń dáhùn. Kíndìnrín ńkọ́? Ó dáa. Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ó dáa. Kò jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn, ìrora ń lé e.

"Ṣé oògùn kankan ti bá wọn jà rí?"

Lesieli dákẹ́. Mo gbọ́ òjò lórí páànù.

"Rárá," ó ní.

Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo po ìyẹ̀fun náà, ó yòrò, ó mọ́ bí omi òjò. Mo ń ronú Bàbá Sosaia, mo ti ń gbọ́ bí ojú náà ṣe máa rọ̀ lábẹ́ ìka mi. Mo rí iṣan. Abẹ́rẹ́ wọlé. Ìgbà yẹn ni Lesieli fi ọwọ́ kejì di etí aṣọ mi mú. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tí kò ríran yẹn kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ wà, ètè rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìrora ni. Ló bá sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn ìbéèrè tó kù, wàràwàrà ló dáhùn wọn. Èyí nìkan ló pẹ́. Mo wá bi ara mi pé, Tokilupe, bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ló dúró síbẹ̀ yẹn, ṣé wàá sọ gbogbo ohun tó ti ṣe ara rẹ rí? Ṣé wàá sọ ọ́? Ọdún méjì gbáko ni mo ti fi ń bi àwọn obìnrin ní ìbéèrè yìí, tí arákùnrin wọn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mo sì ń fi "rárá" wọn sínú ìwé bí ẹni kó wúrà. Mo jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, mo sì gọ̀ tó báyìí!

Mo dá ọwọ́ dúró.

"Kí lò ń dúró dè?" ni Penisimani wí.

"Ẹ jáde, Ọ̀gá."

"Kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ jáde. Fusi, ìwọ náà, lọ sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kí wọ́n rọ epo."

"Tokilupe!" Mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ojú kan ṣoṣo tó kù fún wọn nìyẹn! Aago ń lọ!"

"Mo mọ̀ pé aago ń lọ! Ẹ jáde, kí ẹ jìnnà. Ẹ lọ síbi tí ohùn wa ò ti ní dé etí yín."

Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, èjìká rẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ohùn tìẹ?" ó ní. "Ibo ni mo fẹ́ rí bẹ́ẹ̀ lórí erékùṣù yìí?" Ó yíjú padà. "Mi ò ní wá títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè mí fúnra wọn." Ó jáde sínú òjò.

"Ṣé ó ti lọ?" ni Lesieli bi mí.

"Ó ti lọ."

"Ṣé ó jìnnà?"

Mo yọjú lójú fèrèsé. "Ó ti kọjá àwọn igi àgbọn. Ó ń lọ sí etí omi."

Ó wá sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ó ń gbé ní Nuku'alofa. Bó bá fẹ́ tọ̀, á máa ta á. Wọ́n fún un ní oògùn funfun kan, oníhóró ńlá. "Lọ́jọ́ kẹrin, ẹnu mi bó. Ara mi bó. Ibi tí mi ò lè dárúkọ, ó bó. Awọ mi ń ṣí kúrò lára mi bí èèpo igi ngatu tí a rẹ sómi, Tokilupe. Oṣù kan gbáko ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní sọ́lífà ni, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láyé. Ìyá mi nìkan ló mọ̀, òun náà sì ti lọ."

"Màmá Lesieli!" Ìbínú fẹ́ gbé mi lọ. "Ẹ mọ èyí, ẹ sì ní rárá?"

"Ó dúró síbẹ̀," ó ní, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń rọ̀. "Ṣé kí n máa sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ mi létí Peni? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Mo fa abẹ́rẹ́ yọ. Mo gbé síríńjì náà síbi ìmọ́lẹ̀. Omi tó mọ́ lóló, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ohun tó jí ojú Bàbá Sosaia dìde nìyí. Òun náà ni ì bá ti tú awọ obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì lè má dìde mọ́. Agbára kan náà ni. Ìdáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì. Mo fara ti ògiri, orí ìkọ̀wé ara mi gan-an.

Mo pe Dókítà Vaimoana ní Nuku'alofa lórí fóònù. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹnu bó, awọ bó?" ó ní. "Má fún un o! Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí irú ìyẹn rí, mi ò ní fi dán an wò nígbà tí ọ̀nà míì wà. Àpò omi tí ẹ máa ń fà sí àwọn tó já bọ́ lórí igi àgbọn tí wọ́n forí gbálẹ̀, ṣé ẹ ní i?"

"Mánítọ́ọ̀lù? A ní ẹyọ kan."

"Ṣé ọkàn rẹ̀ dáa, kíndìnrín rẹ̀ dáa?"

"Ó dáa."

"Fà á sí i. Bó ṣe ń fa omi kúrò nínú orí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń fà á kúrò nínú ojú. Bí ojú bá rọ̀, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo máa fi iná lésà dá ojúṣàn kékeré míì sí i."

Mo da oògùn tí mo fẹ́ràn nù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbé àpò omi kọ́.

Ó ń kán. Mo tẹ ojú náà: òkúta. Mo gbàdúrà. Lesieli ń béèrè ta ni yóò parí ngatu Fusi, mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́: òkúta. Ó tọ̀ sínú abọ́, ó tún tọ̀. "Ṣé gbogbo òkun Ha'apai ló wà nínú mi ni?" ó ní. Àpò ń tán lọ. Òjò dá. Mo ń bá Ọlọ́run jà nínú ọkàn mi, mo ní Ìwọ lo dá ojúṣàn tó kéré tó báyẹn, Ìwọ ni kí o ṣí i. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìka mi wọlé díẹ̀.

Mo gbé ìka kúrò. Mo tún fi í síbẹ̀. Bí máńgòrò tó fẹ́ pọ́n. Nígbà tó yá, bí tòmátì.

"Ó ti fi mí sílẹ̀," ni Lesieli wí. "Ìrora náà, ó ti lọ." Iṣẹ́ ìyanu kejì rèé láyé mi. Mo kàn dúró, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ìkókó tó rí òṣùpá.

Mo kán oògùn tí dókítà ní kí n kán tẹ̀lé e. Mo ṣí fèrèsé, mo gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. "Màmá, kí lẹ rí?"

"Funfun." Ó na ọrùn sójú fèrèsé. "Bí ẹni wà nínú èéfín ni. Igi. Igi àgbọn méjì. Omi." Ó ṣẹ́jú. "Ọkùnrin kan dúró sínú omi."

Mo rò pé ojú náà ti ń parọ́ fún un. Mo yọjú wò. Yéè, Tokilupe! Mo ti gbàgbé ọ̀gá mi! Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí òkun, ó ń gbé ohùn mi tẹ̀lé e, òun náà sì ń rìn lọ kó má bàa gbọ́ ọ. Nígbà tó jáde, omi òkun ti fà sẹ́yìn, yanrìn nìkan ló wà níbẹ̀. Omi ti padà báyìí. Penisimani dúró nínú òkun pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Kò wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Lesieli ń wò ó. Omijé ń bọ́ lójú tó kú àti ojú tó yè.

"Omi ti dé ìbàdí rẹ̀," ó ní. "Ta'ovala rẹ̀ ti rẹ. Ìlà dúdú mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àbí?"

Mo wò ó. Mẹ́ta ni.

"Èmi ni mo hun ún fún un," ó ní, "nígbà tí ojú mi ṣì pé méjì. Pè é, Tokilupe. Ìwọ lo ní ohùn."

Mo ṣílẹ̀kùn, mo pè é. Àwọn tó ń pẹja lójú agbami dáhùn.